Fífín Igbá Ọlọ́mọrí fún Àdúrà Ilé: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ láàrin Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Ìṣòro tí mo fẹ́ yanjú kò gùn ní sísọ. Àdúrà òwúrọ̀ mi ti di ohun tí ẹnu ń kà tí ọkàn kò sí níbẹ̀: mo lè ka Sáàmù kan parí kí n má rántí ẹsẹ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, nítorí pé ọkàn mi ti dé kíláàsì, ó ti dé báńkì, ó sì ti ń bá ẹni tó jẹ mí lówó ṣe àríyànjiyàn. Mo ti gbìyànjú láti máa kọ àdúrà sínú ìwé, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí. Bí mo bá ti mú bírò lọ́wọ́, àṣìṣe ni ojú mi máa ń wá. Ohun tí mo nílò ni iṣẹ́ ọwọ́ tí kò bá iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi tan, tí yóò gba ọwọ́ àti ojú, tí yóò sì fi ọkàn sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Igbá fínfín ni mo yàn. Ọ̀yọ́, tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ náà, kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń gbé, mo sì fẹ́ kí ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde jẹ́ ohun tí ilé mi yóò máa lò: igbá ọlọ́mọrí tí a ó máa fi ìwé ọpẹ́ àti ìwé ẹ̀bẹ̀ sí nígbà àdúrà ìdílé.

Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi yàtọ̀ sí èyí tí mo rò pé mo ń lọ kọ́, n óò sì sọ ọ́ nígbà tí a bá dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ìpele 1: Igbá

Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí ààfin Aláàfin, ni mo ti ra igbá. Igbá tí a fẹ́ fín gbọ́dọ̀ ti gbó lórí ìtàkùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá já nígbà tí kò tíì gbó máa ń hunjọ bó bá ti ń gbẹ, awọ rẹ̀ a sì máa bó lábẹ́ ọ̀bẹ. Bí ó bá gbó dáadáa, èékánná kò ní í wọlé sí i lára. Ìyá tó ń tà á fi àyẹ̀wò méjì mìíràn hàn mí: ó ní kí n fi ìka lu igbá, nítorí pé ohùn èyí tó ti sán kì í dún ketekete, kí n sì gbé e dojú kọ oòrùn, kí n wò ó láti inú, nítorí pé ibi tí kòkòrò bá ti jẹ yóò tàn.

Àwọn onígbá máa ń to àwọn ààbọ̀ igbá lé ara wọn láìka èyí tó jẹ́ ìkejì èwo sí, nítorí náà ẹni tó ń fẹ́ ọlọ́mọrí ni yóò fúnra rẹ̀ wá ààbọ̀ méjì tí a là láti ara igbá kan náà. Ẹ gbé ẹnu wọn lé ara wọn, kí ẹ máa yí ti òkè díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní í sí àlàfo mọ́, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré kan kọjá lórí ẹnu méjèèjì níbi tí wọ́n ti bára mu. Láìsí ìlà yẹn, ẹ óò máa wá ojú ibi tí ọmọrí ń jókòó sí ní gbogbo ìgbà.

Tèmi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 28 lẹ́nu, ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan jìn tó sẹ̀ǹtímítà 13, ara rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 6. Wọ́n ti bọ̀ ọ́, wọ́n ti ha inú rẹ̀, wọ́n sì ti sá a kó tó dé ọjà. Ṣíbí ni mo fi ha ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, mo sì fi sáńpépà dán inú náà. Ẹ má ṣe fi sáńpépà kan ẹ̀yìn igbá rárá, nítorí pé awọ òde yẹn gan-an ni ọnà.

Ìpele 2: Ọ̀bẹ àti ọwọ́

Ọ̀bẹ ìdáná gùn jù fún iṣẹ́ yìí. Alágbẹ̀dẹ ni mo fún ní ayùn irin tó ti gbó, ó sì fi ṣe ọ̀bẹ kúkúrú méjì: ọ̀kan ní ẹnu ṣóńṣó tí a fi ń fa ìlà, èkejì ní ẹnu pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mìlímítà 8 tí a fi ń fá awọ kúrò. Mo fi àjákù awọ tí mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ wé èèkù wọn, nítorí pé irin tí a kò wé máa ń yọ̀ nínú òógùn ọwọ́. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún pọ́n ọn láàrin iṣẹ́, nítorí pé ọ̀bẹ tí kò mú ló ń fò, èyí tó ń fò ló sì ń gé ènìyàn.

Bàbá kan tó ti ń fín igbá láti kékeré ni mo lọ bá kọ́ iṣẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi. Àfọ́kù igbá ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún mi, wọ́n ní kí n máa fa ìlà tí kò ní í já, wọn kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan igbá gidi fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo ìlà mi ni ó ń ṣe ségesège.

“Má ti ọ̀bẹ, Tíṣà,” ni wọ́n wí. “Igbá ni kí o máa yí.”

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí ojú kan, kí àtàǹpàkò rẹ̀ sinmi lé awọ igbá láti máa dá ọ̀bẹ dúró, kí ọwọ́ òsì sì máa yí igbá lórí aṣọ tí a ká sí itan. Ẹni tó bá ń ti ọ̀bẹ ni agbára rẹ̀ ń sá kọjá ibi tó fẹ́ dúró sí. Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé ìlà ti jìn tó?” Wọ́n ní nígbà tí ọ̀bẹ bá dákẹ́. Òótọ́ ni: awọ òde le, ó máa ń han lábẹ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti kọjá rẹ̀ dé ibi rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ohùn náà a pa rẹ́. Kò ju bíi mìlímítà kan lọ.

Ohun kan wà tí Bàbá ń ṣe tí mo mú lò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n a pe orúkọ Ọlọ́run kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, bí ẹnikẹ́ni bá sì mú wọn bínú lọ́jọ́ náà, ọnà kò sí fún wọn mọ́. Igbá tí kò tíì ní ọnà ni wọ́n máa ń ha nínú títí tí inú wọn yóò fi rọ̀.

Ìpele 3: Wíwọ̀n

Ìyípo ẹnu igbá mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 88. Kò gba ìṣirò kankan: mo fi òwú yí ẹnu rẹ̀ ká, mo gé e níbi tí orí méjèèjì ti pàdé, mo ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì di ìdá mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11. Mo fi àmì sí ẹnu igbá ní ojú ìdá kọ̀ọ̀kan, mo wá ta òwú láti àmì kan kọjá lórí igbá dé àmì tó dojú kọ ọ́. Ibi tí àwọn òwú náà ti rékọjá ara wọn ni àárín ọmọrí. Kọ́ńpáàsì kì í dúró lórí ohun tó rí róbótó, nítorí náà ìdí agolo mílíìkì ni mo gbé lé àárín náà láti fa òbírí rẹ̀. Fún ọ̀já ọnà tó yí ẹnu igbá ká, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, mo ṣe bí káfíńtà ṣe ń ṣe: mo mú pẹ́ńsù ní ìwọ̀n tí mo fẹ́, mo fi ìka àárín ti ẹnu igbá, mo sì ń yí igbá náà.

Ojú ọnà mẹ́jọ ni ó wà lórí ọmọrí báyìí. Ète mi ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tí yóò máa rán mi létí àdúrà kan: àdàbà, fìtílà, àgùntàn, ìwé, ọwọ́ tó là, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele 4: Ohun tí kò ṣiṣẹ́

Mo kọ́kọ́ dán irin gbígbóná wò lórí àfọ́kù, nítorí pé mo ti rí àwọn tó ń fi í kọ ọnà sára igbá, pàápàá ní Òkè Ọya, iṣẹ́ wọn sì lẹ́wà púpọ̀. Kò bá ohun tí mo ń wá mu. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú, irin sì ń tètè tutù, nítorí náà ènìyàn gbọ́dọ̀ yára kọ kó tó di pé a dá a padà sínú iná. Irin ń tutù, ọkàn mi sì ń sáré tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn èyí ni mo fín lẹ́tà. Mo fẹ́ kí “Olúwa ni Olùṣọ́ àgùntàn mi” yí ojú ọnà àkọ́kọ́ ká. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kéré ju ẹnu ọ̀bẹ mi lọ, awọ tó wà láàrin lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sì ń fò dànù. Bí a bá yọ àwọn àmì náà kúrò, olùkọ́ Yorùbá tó wà nínú mi kò ní í gbà. Ìwé pélébé kan wà tí mo máa ń kọ nǹkan sí lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì péré: ibi tí ọ̀bẹ dé, àti ibi tí ọkàn wà. Ohun tí mo kọ nípa lẹ́tà wọ̀nyí ni pé n kò ronú kan Olùṣọ́ náà rárá. Mo fá gbogbo rẹ̀ kúrò.

Àwòrán àdàbà yọrí dáadáa ní tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Láti ìyẹ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń rí ojú àwọn àlejò tí yóò yìn mí, mo ti ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, mo sì ti ń ronú iye tí a lè tà á. Àwòrán àdàbà wà níbẹ̀ dòní, ó dára, ṣùgbọ́n kò sí àdúrà kankan nínú rẹ̀.

Ìpele 5: Fífá ilẹ̀ ọnà

Nígbà tí a bá ti fa ìlà yí àwòrán ká tán, iṣẹ́ tó kù ni kí a fá awọ òde kúrò ní gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká, kí àwòrán lè dúró ní àwọ̀ ìyeyè lórí ilẹ̀ tó funfun díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í yin ilẹ̀. Iṣẹ́ àṣetúnṣe ni: ọ̀bẹ pẹlẹbẹ a wọ abẹ́ awọ, a ká a, a yọ ọ́, igbá a yí díẹ̀, ọ̀bẹ a tún wọlé. Mo kà á sí ìyà tí ènìyàn ń jẹ láàrin àwòrán kan sí òmíràn, mo sì máa ń fẹ́ kó tètè tán.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìwé pélébé mi sẹ́yìn, mo rí i pé gbogbo òwúrọ̀ tí mo kọ ọ́ pé ọkàn mi dúró, ilẹ̀ ni mo ń fá. Òwúrọ̀ tí mo fín àwòrán, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ara mi. Ohun tí mo rò pé ó mọ́ jù lọ ni kò gbà mí ní àdúrà. Ohun tí mo kà sí iṣẹ́ àfikún ló gbé àdúrà wá. Ìdí rẹ̀, bí mo ṣe rí i, ni pé àwòrán máa ń bi ni léèrè ní gbogbo ìgbà pé ṣé ó dára, ilẹ̀ kì í sì béèrè ohunkóhun. Ó gba ojú àti ọwọ́ tó láti dá ọkàn dúró kó má baà lọ sí báńkì, kò sì gba ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni mo yí gbogbo ètò padà. Àwòrán méjì péré ni mo jẹ́ kó kù lórí ọmọrí. Mo pín ojú ọnà mẹ́fà yòókù sí orígun mẹ́ta kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà kan, a fá ọ̀kan, a fi ọ̀kan sílẹ̀, títí tí ojú ọnà náà yóò fi kún. Irú ọnà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun lọ́wọ́ àwọn fíngbáfíngbá. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti máa ń mú ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo wá padà sí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ní alẹ́, n óò fi aṣọ tútù tí a ti fún wé apá tí mo fẹ́ fá, kí awọ rẹ̀ lè rọ̀. Bó bá gbẹ jù, ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ dípò kó ká, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bó bá sì di òwúrọ̀, lẹ́yìn Bíbélì kíkà, n óò jókòó sẹ́yìn ilé fún ìdajì wákàtí. N kò gbé fóònù lọ síbẹ̀. Aago ògiri ni mo ń wò. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti inú Sáàmù 46: “Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run.” Apá kìn-ín-ní rẹ̀ ni mo ń sọ nínú ọkàn bí ọ̀bẹ bá ń wọlé, apá kejì bí awọ bá ń ká kúrò. Bí ọkàn bá ti sá lọ, n kì í bá a wí, igbá ni n óò yí díẹ̀, n óò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti “Ẹ dúró.” Nígbà tí aago bá pé, n óò dúró bí orígun mẹ́ta náà kò bá tilẹ̀ tíì parí. Èyí ló ṣòro jù fún mi nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tó ti ń gbádùn iṣẹ́ kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ̀síwájú nítorí kí ojú ọnà lè kún, iṣẹ́ lásán ni mo ń ṣe láti ìgbà náà lọ.

Ìpele 6: Ìbéèrè tí ẹ óò gbọ́

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ bí tèmi, ẹnìkan yóò bi yín bóyá igbá òrìṣà ni ẹ ń fín. Ìbéèrè náà kò burú, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìbínú. Igbá ni a fi ń jẹun, òun ni a fi ń wọn nǹkan lọ́jà, òun ni wọ́n ń di ẹrù ìyàwó sí, òun náà ni a sì ń kọ ìlẹ̀kẹ̀ sí lára tó ń di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí a ń lù nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ẹni tó ń bèèrè. Ẹni tó bá sì ń fẹ́ ẹ̀rí láti inú Ìwé Mímọ́ lè ka Ẹ́kísódù orí 31, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé òun fi Ẹ̀mí òun kún Bésálẹ́lì fún iṣẹ́ ọnà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ọ̀nà náà ti là. Ní 1947 ni àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ti ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára igi ní ọ̀nà ti wọn. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, wà lára wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ sí i. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ títí ó fi kú ní 2009, síbẹ̀ òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, àjọ UNESCO sì bu ọlá fún un ní 2006. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni irú igi tó lò.

Ìpele 7: Ìparí àti sísán

Mo dán àwọ̀ wò lórí àfọ́kù. Osùn pọ́n gbogbo rẹ̀, àti ilẹ̀ àti ọnà, débi pé a kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Aró ẹ̀lú wọ inú ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ràn nígbà tí òrí kàn án. Mo fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní àwọ̀ ara rẹ̀, mo sì fi òrí díẹ̀ pa ẹ̀yìn igbá nìkan. Ẹ má fi òrí sí inú rẹ̀, nítorí pé ìwé ni yóò máa gbé ibẹ̀, òróró yóò sì ba ìwé jẹ́.

Ọyẹ́ dé, igbá sì sán láti ẹnu, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ó wà. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù sí i. Mo dán an wò lórí àfọ́kù, ó tún là. Rírán ni a ń rán an. Mo fi aṣọ tútù wé e kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè sún mọ́ ara wọn, mo fi òòlu lu ihò kékeré kan sí ìparí ibi tó sán kó má baà tẹ̀síwájú, mo sì lu ihò sí apá ọ̀tún àti apá òsì, mìlímítà 5 sí etí ibi tó sán, sẹ̀ǹtímítà kan láàrin ihò sí ihò. Ìko ni mo fi rán an, tí kókó rẹ̀ wà nínú. Ó hàn síta, ó sì dì í mú.

Igbá náà wà ní lílò báyìí. Ìwé ọpẹ́ àti ìwé ẹ̀bẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ ní alẹ́, a sì ń ka ìwé ọpẹ́ sókè ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Àwọn ọmọ ń jà lórí ẹni tí yóò ṣí ọmọrí. Ní ti èmi, bí mo bá jókòó láìsí ọ̀bẹ, ọkàn mi ṣì ń rìn, n kò sì ní í pa irọ́ pé ó ti dúró pátápátá. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé mo tètè ń mọ̀ pé ó ti lọ, n kì í sì í bínú sí i mọ́ kí n tó pè é padà. Ní kíláàsì, bí ọmọ kan bá dákẹ́ nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè, mo lè dúró dè é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìpele 8: Owó, àti èyí tó kàn

Igbá àti ọmọrí rẹ̀ jẹ́ ₦2,500, ọ̀bẹ méjèèjì ₦3,000, sáńpépà ₦600, pẹ́ńsù àti òwú ₦300, òrí ₦500, owó ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ₦4,000. Bàbá gba ₦5,000 fún ẹ̀kọ́, èyí tó kéré sí àkókò wọn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦15,900. Àfọ́kù igbá àti ìko kò ná mi ní nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù lè fi àfọ́kù nìkan ṣe iṣẹ́ àdúrà náà, nítorí pé ilẹ̀ ọnà wà lára àfọ́kù pẹ̀lú.

Igbá kejì tí mo fẹ́ fín kéré, sẹ̀ǹtímítà 18 lẹ́nu. Kò ní í ní àwòrán rárá àfi òbírí àárín, orígun mẹ́ta nìkan ni yóò kún un, ẹnu ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yóò sì dín sí mìlímítà 5, nítorí pé èyí tí mo ní fẹ̀ jù fún igun orígun mẹ́ta. N óò tún lu ihò kéékèèké sí ẹnu rẹ̀ kí n sì fi ìko dì í yí po kó tó di ìgbà ọyẹ́. Bàbá ti ní kí n gbé e wá kí n tó fa ìlà àkọ́kọ́.